Òdòdó Inú Ọgbà: Ṣé Ìnáàpà Ni Tàbí Ọpẹ́?

  

Ìbéèrè kan ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Níbi ìjókòó ẹ̀kọ́ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìnáàpà, arákùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ rẹwáyà nawọ́ sókè. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo bá ọ̀gá mi lọ ṣiṣẹ́ ní ilé kan ní Ìkòyí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bomi rin òdòdó níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jẹ òdòdó náà, wọn kò tà á, wọn kò fi ṣe oògùn. Àwa ní àdúgbò tiwa, inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń ra omi. Ṣé kì í ṣe ìnáàpà nìyẹn? Ṣé onílé yẹn kò ní dáhùn fún un lọ́jọ́ Àjíǹde?”

Mo yára dá a lóhùn. Mo ní kí ó lọ gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀, pé ohun tí ẹnu lè jẹ ló yẹ kí Mùsùlùmí máa gbìn. Àwọn tó wà níjòókòó rẹ́rìn-ín, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lóru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo mọ̀ pé ìdáhùn ẹnu lásán ni mo fún ọmọ náà, nítorí pé òdòdó ni wọ́n fi tọ́ èmi fúnra mi dàgbà.

Gádínà ni bàbá mi ní Ìkòyí. Nínú bọ́ìsìkọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé ńlá ni a ti tọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi. Owó oṣù tí bàbá mi ń gbà nídìí òdòdó ló fi ń ra ìwé wa, òun náà ló fi ń san owó ilé kéú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé a kì í jẹ òdòdó, kí ó wá bi mí. Èmi jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ìkòyí kò ṣàdédé di àdúgbò ọgbà òdòdó. Nígbà ìjọba àmúnisìn, ibẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ipa odò kan tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà MacGregor pè, ẹni tó ṣàkóso Èkó láti 1899 sí 1904, ni ó pààlà láàrin Ìkòyí àti Erékùṣù Èkó. Ní apá kan, ilé so mọ́ ilé, ìdílé púpọ̀ ń lo àgbàlá kan. Ní apá kejì, ilé kan ṣoṣo dá wà láàrin pápá koríko, igi àti òdòdó yí i ká. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, tí ó sì ń jà fún ọdún mélòó kan, àwọn ilé tó fún pọ̀ ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n dá lẹ́bi. Ní 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa wó irú ilé bẹ́ẹ̀, tí yóò sì tún ìlú ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó bá dúró ní ẹnu géètì Ìkòyí, tí ó ń wo òdòdó, kì í ṣe ìlara ni ó ń bi í léèrè. Ìtàn ni.

Ṣùgbọ́n kí á tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà nínú ọgbà náà, bí ìgbà ti ń yí po.

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi máa ń pè wá láti wá wò ni òdòdó kan tó pupa, tó rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kò ní rí ewé rẹ̀, ẹ kò ní rí igi rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ lásán lẹ ó rí. Inú ilẹ̀ ni iṣu rẹ̀ sùn sí. Òjò kan, òjò méjì, ó ti yọ orí. Alùkùráánì pe àkíyèsí wa lọ́pọ̀ ìgbà sí ilẹ̀ tó ti kú, tí Ọlọ́hun fi òjò jí dìde, kí á lè mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àjíǹde yóò rí. Bàbá mi kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọ̀pá kékeré tọ́ka sí òdòdó náà, yóò ní: “Ẹ ṣáà wò ó. Ẹni tó bá ní òkú kò lè jí, kí ó wá sí ẹ̀yìnkùlé mi.”

Lẹ́yìn náà ni igi panṣẹ́kẹ́ yóò tanná, tí gbogbo orí rẹ̀ yóò pọ́n bí iná. Tí ó bá di oṣù kẹfà, nígbà tí òjò Èkó máa ń pọ̀ jù lọ, ọgbà á di ẹrẹ̀. Gbòǹgbò òmíràn á jẹrà, ìgbín á jẹ ewé, èpò á sì borí ohun tí a gbìn. Òjò kan náà tí a tọrọ ní oṣù kejì ni a ń bẹ̀ kí ó dá ní oṣù keje. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ọ̀dọ́ tó rò pé bí owó bá ti dé, ìṣòro ti tán. Oore tí ó bá pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe lè gbà á lọ lè jẹ gbòǹgbò rẹ̀ rà.

Tí ọyẹ́ bá wá dé, tí eruku bo gbogbo ewé, koríko á gbẹ. Ìgbà náà gan-an ni òdòdó bougainvillea tó wà lára ògiri máa ń tanná jù. Bàbá mi kì í bomi rin ín nígbà náà. Bí ó bá ń rí omi mu ní gbogbo ìgbà, ewé ni yóò máa yọ. Bí omi bá wọ́n ọn, òdòdó ni yóò yọ. Èmi kò sọ pé ìyà dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé oríṣiríṣi ni ìgbà, oríṣiríṣi sì ni ohun tí Ọlọ́hun fi pamọ́ sínú ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò sí ohun tí ó yọ lára rẹ̀ nígbà òjò, kí ó má ṣe sọ pé òun kò wúlò. Bóyá ọyẹ́ ni ìgbà tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọgbà kọ́ wa tí kàlẹ́ńdà ara ògiri kò kọ́ wa. Ọdún Ìsìláàmù fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ọdún tí à ń fi oòrùn kà. Nítorí èyí, ààwẹ̀ Ràmàdáànì máa ń rìn káàkiri gbogbo ìgbà, láti òjò dé ọyẹ́, láti ọyẹ́ padà sí òjò, tí yóò sì gba nǹkan bí ọdún 33 kí ó tó padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1988, àárín oṣù kẹrin ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, panṣẹ́kẹ́ ń tanná. Ní 2000, ó ti bọ́ sí ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń dá. Ní 2010, oṣù kẹjọ ni. Ní 2021, ó tún padà sí àárín oṣù kẹrin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣírò rẹ̀. Mélòó nínú wa ni yóò rí i kí ààwẹ̀ yí ọgbà po lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó rí i lẹ́ẹ̀mẹta ṣọ̀wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè arákùnrin wa. Ǹjẹ́ gbígbin òdòdó fún ẹwà nìkan jẹ́ ìnáàpà bí?

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn Mùsùlùmí tó ṣíwájú wa gbin òdòdó. Òótọ́ ni. Ní Gránádà ní ilẹ̀ Sípéènì, ọgbà Generalife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Alhambra ṣì wà títí dòní. Ní Lahore ní ilẹ̀ Pakistan, wọ́n ṣe ọgbà Shalimar ní 1641 sí 1642, nígbà ọba Shah Jahan. Ṣùgbọ́n ọgbà ọba kò tó ẹ̀rí. Àwọn ọba ṣe ohun púpọ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí ẹ̀rí wà ni ọ̀dọ̀ Ànọ́bì. Nígbà tí ẹnì kan bi í nípa ẹni tó fẹ́ràn kí aṣọ àti bàtà òun dára, bóyá ìgbéraga ni, Ànọ́bì kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí. Ó jẹ́ kí ó yé wọn pé Ọlọ́hun kò kórìíra ẹwà, Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Pé ohun tó ń jẹ́ ìgbéraga ni kí ènìyàn kọ òtítọ́, kí ó sì máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọnìkejì. Ó tún kọ́ wa pé ohun tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ènìyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. Oyin ń jẹ òdòdó. Labalábá ń jẹ ẹ́. Ẹyẹ kékeré tí ẹnu rẹ̀ gùn ń mu omi inú rẹ̀. Ẹni tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò jẹ òdòdó, ènìyàn nìkan ló kà.

Nítorí náà, òdòdó fúnra rẹ̀ kò lẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè arákùnrin wa kò tíì tán síbẹ̀. Mo rí ibi mẹ́ta tí ohun tó dára ti lè di ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Èkíní ni omi. Ànọ́bì kọ̀ fún wa láti fi omi ṣòfò níbi àlùwàlá pàápàá, ì báà ṣe etí odò tó ń ṣàn ni a wà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti àlùwàlá tí í ṣe ìjọsìn, kí ni a ó wí nípa òdòdó? Ẹni tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ojú títì, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì, ọ̀rọ̀ arákùnrin wa bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi omi tí ó fi ṣan ẹ̀fọ́ rin òdòdó kò fi nǹkan kan ṣòfò. Ẹ sì jẹ́ kí á mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó ní koríko àti igi ń mu omi òjò. Ní Ìkòyí lóde òní, ọ̀pọ̀ àgbàlá ni wọ́n ti fi kọnkéré àti bíríkì ìtẹ́lẹ̀ bò pátá. Òjò tí ilẹ̀ kò rí mu, ojú ọ̀nà àti inú ilé ni yóò gbà. Àwọn tó rí àgbàrá òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 ní Èkó mọ ohun tí mò ń wí.

Èkejì ni ọwọ́ tó ń gbin òdòdó náà. Nínú òfin sàká, irè oko tí òjò bomi rin, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni a ó yọ nínú rẹ̀. Èyí tí ènìyàn fi agbára rẹ̀ bomi rin, ìdá kan nínú ogún ni. Òdòdó ẹwà kò sí nínú irè tí à ń yọ sàká rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú òfin náà: Ọlọ́hun ń ka òógùn. Kò pa ẹni tó pọnmi pọ̀ mọ́ ẹni tí òjò bá rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ànọ́bì pàṣẹ pé kí á san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ọgbà tó rẹwà, tí wọ́n jẹ gádínà rẹ̀ lówó oṣù mẹ́ta, kò rẹwà lójú Ọlọ́hun.

Ẹ̀kẹta ni ọkàn ẹni tó ni ín. Nínú Súrà Kahfi, Ọlọ́hun sọ ìtàn ọkùnrin tó ní ọgbà méjì, tó wọ inú rẹ̀ lọ, tó sì rò pé kò ní parun láéláé. Ó fi ọgbà náà yangàn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ aláìní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọgbà ti di ahoro, ọkùnrin náà ń yí ọwọ́ padà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sí lára èso tàbí lára igi. Ó gbàgbé ẹni tó fún un.

Ní ọ̀rọ̀ ìlú, ó yẹ kí á fi ohun kan kún un. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wó Màrókò, kò sì jìnnà sí Ìkòyí. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá pè ni pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó pàdánù ibùgbé. Láti 2008, ọjọ́ 14 oṣù keje kan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe ọjọ́ gbígbin igi. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ pa ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Gbígbin igi dára, ẹ jáde lọ gbìn ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bo gbòǹgbò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ rántí àwọn tí wọ́n fà tu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi gan-an ni mo ń bọ̀ wá sí báyìí. Ọ̀gá tó ni ọgbà tí bàbá mi ń tọ́jú kì í wo òdòdó rẹ̀. Kọ́tìnnì ilé rẹ̀ kì í ṣí, ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń gbọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń dá a lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi pé ó ní ọgbà, kò rí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jọ ń bọ̀ lójú títì. Bàbá mi wà ní ẹnu géètì pẹ̀lú bárò tí ó kún fún koríko, aṣọ rẹ̀ dọ̀tí. Ó pe orúkọ mi. Mo gbọ́. Mo wo iwájú, mo ń rìn lọ.

Lálẹ́, lẹ́yìn ìrun Ìṣái, ó bi mí pé: “Ṣé ìwọ rí mi lọ́sàn-án?”

Mo ní: “Rárá, Bàbá, n kò rí yín.”

Ó ní: “Ó dáa.” Kò sì mẹ́nu bà á mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ̀yin ará mi, ta ni ó burú jù nínú wa? Ọ̀gá kò rí òdòdó. Èmi rí òdòdó, mo jẹ nínú owó rẹ̀, mo kọ̀ láti rí ẹni tó gbìn ín. Ànọ́bì kọ́ wa pé ẹni tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìgbádùn ọgbà kò pé bí ojú kò bá kọjá òdòdó dé ọ̀dọ̀ ọwọ́ tó gbìn ín, kí ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọba tó dá a. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá dúró ní ara òdòdó nìkan ti ná nǹkan ní ìnáàpà, bí kò tilẹ̀ da omi ife kan nù. Ojú tí Ọlọ́hun fún un ni ó fi ṣòfò.

Lẹ́yìn tí olú-ìlú ti kó lọ sí Àbújá ní 1991, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìkòyí yí ọwọ́ padà, wọ́n sì wó wọn, ilé gogoro ni ó rọ́pò wọn. Ilé tí a wà náà lọ bẹ́ẹ̀, ọgbà náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ààwẹ̀ 2021, mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Kò sí òdòdó kan mọ́. Mo bi ara mi pé, ṣé òfo ni gbogbo ọdún tí bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ohun tó tù mí nínú ni ohun tí Ànọ́bì sọ fún wa pé bí Ọjọ́ Ìkẹyìn tilẹ̀ dé bá ẹni tí ọ̀gbìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó bá lè gbìn ín, kí ó gbìn ín. Ta ni yóò jẹ èso rẹ̀ nígbà náà? Kò sí. Ta ni yóò jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀? Kò sí. Síbẹ̀, kí ó gbìn ín. Ìyẹn ni pé làádá wà nínú gbígbìn, kò dúró de ìgbà tí igi bá pẹ́ láyé. Kátàkátà lè wú igi, kò lè wú ohun tí màlékà ti kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arákùnrin náà níwájú gbogbo ìjókòó, mo sì sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí. Arábìnrin kan wá sọ pé òun gbin tanná-poṣó sínú ike ọ̀dà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ní ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń ṣí. Bí ìyá mi bá ti rí i pé ó ń ṣí, wọn á ní kí á wá omi àlùwàlá, Àlàásárì ti tó. Omi tí a bá gbọ́n sínú báfù lẹ́yìn àlùwàlá náà la fi ń rin ín.” Rẹwáyà wa bi í bóyá ó lè fún òun ní kóró rẹ̀. Ó fún un ní méje nínú bébà.

Ẹ kò nílò àgbàlá Ìkòyí. Ike ọ̀dà kan tó. Ẹ da ihò sí ìdí rẹ̀, kí omi má baà dúró, ẹ bu ilẹ̀ dúdú sí i, ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ó bá tanná, ẹ pe ẹnì kan kí ó wá wò ó. Bí ẹ bá sì ń kọjá lójú títì, tí ẹ rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òdòdó olódòdó, ẹ dúró, ẹ kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá yín ni, ẹ dá a lóhùn nígbà tó bá pè yín.

Kí Ọlọ́hun fojú àánú wo àwọn òbí wa tó ti lọ, kí Ó dárí jì wá níbi tí a ti ṣẹ̀ wọ́n, kí Ó sì fi àwa àti àwọn pàdé nínú ọgbà tí ọyẹ́ kì í dé, tí kátàkátà kì í wọ̀. Àmín.